Abẹ ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, kì í ṣe àwo

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Baálé mi fẹ́ fún àbúrò wọn lẹ́jẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ, ni àyẹ̀wò bá gbé mẹ́dọ̀wú oríṣi C (àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis C) jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ti ya àwo àti ife wọn sọ́tọ̀. Ara wọn sì le koko! Ṣé ó lè ràn mí? Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà? — Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kó àwo baálé yín padà sáàárín tiyín. Mẹ́dọ̀wú C kì í gba inú ọbẹ̀ tàbí ife ranni, ikọ́ àti ìdìmọ́ra kì í sì gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ìyá yà sọ́tọ̀ ni abẹ ìfárùngbọ̀n, ìgékánná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti abẹ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá wa àgbà a máa tò wá sẹ́nu ọ̀nà láti sín gbẹ́rẹ́ fún wa: ọmọ mọ́kànlá, abẹ kan ṣoṣo. Wọ́n á fi àkísà nù ún, ó di orí ẹni tó kàn. Èmi ni mo máa ń sáré bọ́ síwájú. Kì í ṣe ọgbọ́n o, abẹ ti máa ń kújú kó tó dé ìdí ìlà ni! Kòkòrò tó ń fa mẹ́dọ̀wú C kò tíì ní orúkọ nígbà náà. Ọdún 1989 ni wọ́n tó dá a mọ̀. Àkísà kò sì lè nù ún kúrò, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ pàápàá ṣì lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ olóòlà, ti onígbàjámọ̀, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n tún lò.

Láàárín tọkọtaya, kò wọ́pọ̀ kó gba orí ibùsùn, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá wà lára yín, kí àwọn ìbejì ṣe tiwọn, torí ìyá lè kó o ran ọmọ inú.

Àjẹsára C kò sí. Ti mẹ́dọ̀wú oríṣi B ló wà, kí ẹ̀yin méjèèjì gbà á bí ẹ kò bá tíì gbà á. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lè jẹ́ ipasẹ̀ àrùn tó ti lọ, torí ara bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá máa ń lé e fúnra rẹ̀. Kí wọ́n ṣe èkejì tó ń wá kòkòrò náà gan-an ní ilé ìwòsàn ńlá. Bó bá ṣì wà, oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ẹni tó lé ní 95 nínú 100 sàn. Kí wọ́n jìnnà sí ọtí. Ẹni tó sàn ṣì lè tún un kó.

Ẹ wá bá mi bi ìyá ọkọ yín: ta ló ń sín gbẹ́rẹ́ nínú ilé yẹn nígbà tí baálé yín wà lọ́mọdé, abẹ mélòó ló sì ń lò?