Ṣé oògùn ló wà nínú pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń sin bùrọ́ílà, adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Èmi àti aládùúgbò mi jọ gba òròmọdìyẹ lọ́jọ́ kan náà. Èmi ń gbé àgbàdo àti sóyà lọ sí ọlọ, wọ́n ń pò ó ní máàṣì, oúnjẹ lílọ̀, fún mi. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ oníhóró inú àpò, lòun ń rà. Tirẹ̀ ti wúwo ju tèmi lọ báyìí. Àwọn kan ní oògùn ni wọ́n ń fi sí pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, mà. Irú èròjà kan náà ni. Oru omi gbígbóná ni wọ́n fi mú un rọ̀, tí ẹ̀rọ wá tẹ̀ ẹ́ gba ihò jáde ní hóró-hóró.

Bí adìyẹ ṣe ń jẹun ni kẹ́ ẹ wò. Bí ọmọdé tó ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀ ló rí: nínú máàṣì, ègé àgbàdo tó tóbi ló máa kọ́kọ́ ṣà, á fi lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Inú lẹ́búlẹ́bú yẹn sì ni fítámì, iyọ̀ àti methionine (èròjà tó ń mú ara dàgbà) tẹ́ ẹ fowó gidi rà wà! Hóró pẹ́lẹ́ẹ̀tì kan ní gbogbo rẹ̀ nínú, kò sí àyè ṣíṣà. Adìyẹ á tètè yó, á lọ jókòó, agbára tí ì bá fi dúró sídìí oúnjẹ á di ẹran sí i lára. Èyí tó ń dà sílẹ̀ náà á dín kù.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bu díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Tí ìyẹ̀fun bá pọ̀ níbẹ̀, máàṣì lẹ fẹ́ fi owó pẹ́lẹ́ẹ̀tì rà yẹn. Ẹ má sì fún òròmọdìyẹ ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ẹnu wọn ò gbà á. Kúrọ́mbù, ìyẹn pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, ni kí wọ́n jẹ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 àkọ́kọ́.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ní wàhálà tiẹ̀ náà. Adìyẹ tó bá tètè tóbi jù, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má bá a dọ́gba: omi lè kún inú rẹ̀, ó lè ṣubú kú lójijì, ẹsẹ̀ sì lè má gbé e. Nínú ooru oṣù kejì sí ìkẹta níbí, ẹ gbé oúnjẹ kúrò kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ dá a padà nírọ̀lẹ́. Omi tútù kò gbọ́dọ̀ tán ńwájú wọn.

Bó bá jẹ́ pé máàṣì lágbára yín ká, ẹ sọ fún ọlọ́lọ kó pààrọ̀ asẹ́, kó má lọ̀ ọ́ kúnná. Àgbàdo tó rí ṣákaṣàka díẹ̀ ń mú kí iwe adìyẹ lágbára, oúnjẹ á sì dà dáadáa. Èyí tó kúnná jù máa ń lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n á fi da omi mímu rú.

Èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ sáré yí padà o. Ẹ wọn iye kílò oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kẹ́ ẹ wọn adìyẹ, kẹ́ ẹ wo iye tó ná yín láti rí kílò ẹran kan. Iye owó àpò nìkan máa ń tan èèyàn jẹ. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yí i, ẹ máa po pẹ́lẹ́ẹ̀tì mọ́ máàṣì fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.