Ẹ Má Pín Ìwé Bàbá

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa lọ sí ogun Hítílà, ṣùgbọ́n Bóòmà kọ́ ni wọ́n lọ. Inú bàálù tó ń ju bọ́ǹbù sí Jámánì ni wọ́n wà, ìdí wáyálẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọn kì í sọ ọ́ nígbà ayé wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú la ṣí àpótí wọn, a bá mẹ́dàlì mẹ́rin, fọ́tò ọkùnrin méje níwájú bàálù, àti ìwé aláwọ̀ búlúù kan tí yíǹkì pupa pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlà kan níbẹ̀ ní: ọjọ́ 28 oṣù keje 1944, Lancaster, Stuttgart, wákàtí mẹ́jọ. Àwọn àbúrò mi ní ká pín in, kí ẹnì kan gba mẹ́dàlì, kí ẹnì kan gba ìwé. Aládùúgbò wa ní irọ́ ni, pé Bóòmà ni gbogbo aláwọ̀ dúdú lọ. Àlùfáà wa náà bi mí bóyá ó yẹ ká máa yangàn pé bàbá wa ju bọ́ǹbù lu ìlú. A fẹ́ ṣe ìrántí wọn lọ́dún yìí. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrántí Bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín ohunkóhun nínú àpótí yẹn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára àwọn mẹ́dàlì tí wọ́n fún gbogbo ọmọ ogun nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yẹn ni wọ́n di irin lásán.

Lóòótọ́, Bóòmà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wa lọ, òun ni gbogbo agboolé sì mọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá 1939 ni RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ti mú òfin tó ń dí aláwọ̀ dúdú lọ́nà kúrò. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́físà níbẹ̀ ní 1942. Ìjàǹbá bàálù ló pa á ní 1945. Akin Shenbanjo wà nínú Halifax, bàálù ajubọ́ǹbù, ti squadron (ẹgbẹ́ bàálù) kẹrìndínlọ́gọ́rin (76), ó gba mẹ́dàlì akọni tí wọ́n ń pè ní DFC, "Black Prince" sì ni wọ́n kọ sára bàálù wọn nítorí tirẹ̀. Ẹ ka èyí sí aládùúgbò yín létí.

Ìlà tí ẹ kọ ránṣẹ́ yẹn, nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ. Ìwé àkọsílẹ̀ ìfò ni ìwé búlúù yẹn, yíǹkì pupa ni wọ́n sì fi ń kọ ìfò òru sínú rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, bàálù ajubọ́ǹbù Lancaster tó jẹ́ 494 ló gbéra lọ sí Stuttgart, ìlú kan ní Jámánì. Òṣùpá mọ́lẹ̀ rekete, bàálù ogun Jámánì sì ká wọn mọ́ lójú ọ̀run Faransé kí wọ́n tó débẹ̀ rárá. Mọ́kàndínlógójì (39) nínú àwọn Lancaster náà ni wọ́n já lulẹ̀, ènìyàn méje ló sì sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí Bàbá jókòó sí nídìí wáyálẹ́ẹ̀sì ló móoru jù nínú bàálù náà, nígbà tí ẹni tó di ìbọn mú nídìí ìrù ń gbọ̀n fún òtútù. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí iṣẹ́ tí wọ́n ń rán láti Ìlú Ọba, wọn kò sì gbọdọ̀ fèsì, kí Jámánì má baà mọ ibi tí wọ́n wà. Wákàtí mẹ́jọ! Ẹ wá wo ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọ ọ́. Nínú nǹkan bí 125,000 tó bá Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù, fò, 55,573 ló kú.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti ọkùnrin mẹ́fà yòókù inú fọ́tò. Nínú ìwé Bàbá, ẹ ó rí orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìparí oṣù fún orúkọ squadron. Ẹ fi ìwọ̀nyí wá inú AIR 27, ìyẹn àwọn ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn squadron, ní National Archives, ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ní Kew, London. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó jọ wà nínú bàálù lóru kọ̀ọ̀kan sí. Ọmọ-ọmọ yín tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò lè bá yín wá a láti Òkè-Fìà níbẹ̀. Àwọn méje yìí jọ jẹ, wọ́n jọ fò, ikú kan náà ló ń dọdẹ wọn. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ẹnì kan nínú wọn máa wo fọ́tò yẹn gan-an lónìí, kó máa béèrè pé ta ni aláwọ̀ dúdú yìí. Ọwọ́ yín ni ìdáhùn rẹ̀ wà. International Bomber Command Centre, ibi ìrántí àwọn ọmọ Bomber Command, ní Lincoln ní Ìlú Ọba máa ń gba ẹ̀dà irú fọ́tò àti ìwé báyìí pamọ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ o, ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Àlùfáà yín béèrè ohun tó tọ́. Àárín ìlú Stuttgart jóná lóṣù keje yẹn, àwọn ìyá àtọmọ sì wà níbẹ̀. Ẹ má fi pamọ́. N ò ní kí ẹ yangàn, ṣùgbọ́n n ò ní gbà kí ẹ dákẹ́. Lọ́jọ́ ìrántí, ẹ pe orúkọ Bàbá, ẹ pe tàwọn mẹ́fà náà, kí àlùfáà sì gbàdúrà fún àwọn tó kú ní Stuttgart.

Kó tó dìgbà náà, ẹ gbé ìwé náà kúrò nínú àpótí onígi, kí ikán má baà bá a níbẹ̀. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, á hu. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lójúmọmọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo àbúrò yín lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà, kí kálukú ní tirẹ̀.