Orúkọ ẹran lédè Gẹ̀ẹ́sì: èyí tó wà lórí ìwé ni kó o kọ́kọ́ mọ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ lò ń tà ní Kétu níbí ní Benin, o wá fẹ́ máa kó wọn gba Ìlárá kọjá sí Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. O ní o ti ra àwòrán ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ sixième (kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama) ní orúkọ ẹranko àti ẹ̀yà ara wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ṣé ìyẹn á tó, àti pé báwo lo ṣe máa há gbogbo rẹ̀ sórí.

Kò ní í tó. Kìnnìún, erin àti ọ̀nì ló kún irú àwòrán yẹn. Ta ló fẹ́ ra ọ̀nì lọ́wọ́ rẹ? Kó o sì mọ̀ pé nínú ọjà gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ò wúlò fún ẹ. Yorùbá là ń sọ ní Kétu, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìmẹ̀kọ, ẹni tó ń wá àgbò á ní àgbò lòun ń wá. Orí ìwé ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún èèyàn lọ́rùn: ìwé dókítà ẹran, níbi tí wọ́n ń kọ irú ẹran, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, àwọ̀ àti àmì ara sí. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ fún wa níbí. Tó o bá dé òdìkejì, ẹni tó máa kà á ò gbọ́ Faransé, kò sì fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo kó àgbò àti abo àgùntàn kún ọkọ̀. Wọ́n ní kí n lọ túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, kó sì ní òǹtẹ̀. Mo bá ọ̀mọ̀wé kan lọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tó fi ìwé ẹ̀rí kọ́ gbogbo ara ògiri. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ewúrẹ́ kan. Ó lu òǹtẹ̀ méjì sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin yẹn ò fọwọ́ kan àgùntàn rí láyé ẹ̀ àfi nínú ọbẹ̀.

Mouton ni Faransé ń pe àgùntàn, mouton náà ló ń pe ẹran rẹ̀ tó wà nínú ìkòkò. Ọ̀mọ̀wé wo mouton, ó kọ mutton. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, sheep ni èyí tó ń fẹsẹ̀ rìn, mutton ni èyí tí wọ́n ti pa. Ibi tí wọ́n ń kọ àwọ̀ irun ẹran sí, dókítà kọ robe blanche, torí robe ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹran lédè Faransé ń pe irun ara ẹran. Ọ̀gbẹ́ni kọ white dress. Ó wọ kaba fún àgbò! Coat ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé coat náà ń jẹ́ aṣọ, má bi mí léèrè, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá tó jókòó síbodè lọ́jọ́ náà (mi ò ní í sọ ibodè wo) ka ìwé yẹn, ó gbójú sókè wo ọkọ̀, ó tún wo ìwé. Ó ní ìwé ẹran pípa ni mo mú wá, fìríìjì dà? Ó ní àwọn tó ń ké nínú ọkọ̀ mi ò níwèé rárá. Mo fi Yorùbá ṣàlàyé. Yorùbá lòun náà fi ń bá ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ná ọjà, ṣùgbọ́n ó kọjú sí mi, ó ní òun ò lè fi Yorùbá ka ìwé ìjọba. Ó ń fi bírò gbá ibi tí wọ́n kọ dress sí, kó, kó, kó, ó pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

Oòrùn ọ̀sán gangan ni. Àwọn ẹran ń gun ara wọn. Àgbò funfun kan wà níbẹ̀ tí dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká, oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé e lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ó yọ ahọ́n, itọ́ rẹ̀ ń hó létè. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bu omi fún un, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ títí ọ̀gá àgbà á fi dé. Ilẹ̀ ṣú, ọ̀gá àgbà ò dé. Àgbò yẹn kú síbẹ̀. Kí n tó rí ìwé mìíràn gbà, Iléyá ti kọjá, iye tó wu àwọn alápatà ni wọ́n dá lé èyí tó kù. Mo dá owó àsansílẹ̀ oníbàárà yẹn padà látinú àpò ara mi. Ọ̀mọ̀wé ní tiẹ̀ ní ohun tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè lòun kọ. Kò dá sẹ́fà kan padà.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ló là mí lọ́yẹ lẹ́yìn náà. Ní 1066, àwọn Norman wá láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé làwọn ọlọ́lá ibẹ̀ wá ń sọ, ni ẹran tó bá ti dórí tábìlì bá ń jẹ́ orúkọ Faransé: mutton, beef (ti màlúù), pork (ti ẹlẹ́dẹ̀), veal (ti ọmọ màlúù). Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ darandaran ń jẹ́ orúkọ àbáláyé wọn: sheep, cow, pig, calf. Àwa ọmọ Benin ló máa ń kó sínú rẹ̀ jù, torí a rò pé a mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ ò ní wàhálà yẹn, goat náà ni.

Ó yá, akọ àti abo. Àgbò ni ram, ọmọ àgùntàn ni lamb. Abo àgùntàn ni ewe. Tó o bá kà á bíi Yorùbá, ewé lo pè, “yú” ni kó o máa pè é. Òbúkọ ni buck tàbí billy, abo ewúrẹ́ ni doe tàbí nanny, ọmọ ewúrẹ́ ni kid. Bó o bá dé ìdí màlúù: bull ni akọ, cow ni abo, heifer ni ọ̀dọ́ abo tí kò tíì bímọ, calf ni ọmọ. Èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ lọ́dàá, castrated. Sheep ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ ogún, sheep náà ni, má fi s sí i.

Ẹ̀yà ara tó máa ń wọ ìwé ò pọ̀: ear (etí), horn (ìwo), tail (ìrù), hoof (pátákò), udder (ọmú), teeth (eyín). Èyí tí kò níwo, polled. Patte ni Faransé fi ń pe ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹranko, Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀: leg ni ẹsẹ̀ látòkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀, hoof ni ti ewúrẹ́, paw ni ti ajá, foot ni ti adìyẹ. Má sì kọ queue tí Faransé ń pe ìrù síbi ìrù o. Ìlà tí èèyàn ń tò ní báńkì nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.

Eyín ni kó o fara balẹ̀ kọ́, torí òun ló ń sọ ọjọ́ orí, oníbàárà Iléyá á sì ya ẹnu ẹran wò. Àgùntàn ò ní eyín iwájú lókè, mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ là ń kà. Méjì àárín ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀, bí ẹran bá tó bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, méjì ńlá á rọ́pò wọn. Two-tooth ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Tó bá di mẹ́rin, four-tooth. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá pé, full mouth.

Ẹ tún ṣọ́ra fáwọn tó ń gbowó lórí ìwé abẹ́rẹ́. PPR (peste des petits ruminants), àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Côte d'Ivoire ní 1942, PPR náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, pẹ̀lú orúkọ Faransé rẹ̀ lódindi. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀.

Ti adìyẹ, fi sílẹ̀ fún ọjà Kétu. Ìjọba Nàìjíríà ò fàyè gba kí wọ́n kó ẹyẹ wọlé, ààyè tàbí òkú, títí kan èyí tó wà nínú yìnyín. Hen, cock, chick, turkey, beak, wing, feather, comb tí í ṣe ogbe, gbogbo ẹ̀ wà lára àwòrán rẹ.

Bó o ṣe máa há a sórí ò le: dúró ti ẹran, fọwọ́ kàn án, pe orúkọ rẹ̀. Ìwé ni kó o mójú tó. Bẹ dókítà ẹran kó kọ ọ́ lédè méjèèjì kó tó lu òǹtẹ̀, kó o sì fi fóònù ya á. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí bá jẹ́ Faransé nìkan, kọ àwọn ìlà rẹ̀ síbí, ti àgbò ni kó o fi ṣáájú, màá bá ẹ wò ó kí ọjọ́ ọjà tó kò.