Kí ni kámẹ́rà máa yà níbẹ̀?

Ẹ kú ìbéèrè yìí o. Ẹ ní ó ti tó ọdún méjìlá tẹ́ ẹ ti ń kọ ìtàn àròsọ, ẹ wá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ eré sinimá, àmọ́ ojú ń tì yín láti tún padà dọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ojú ti èmi náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi kọ ìtàn kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ eré fún mi. Nínú ìran àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé: "Àlàkẹ́ jókòó, ó ń rántí ọkọ rẹ̀ tó lọ sódò tí kò padà mọ́." Irú gbólóhùn táwọn èèyàn fi ń yìn mí nìyẹn. Olùdarí eré, ọmọ tí mo lè bí, fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kí ni kámẹ́rà máa yà níbẹ̀?" Inú bí mi débi pé oṣù mẹ́ta ni mi ò fi fọwọ́ kan ìwé náà.

Ọjà ẹja Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́, ló là mí lójú. Mo lọ ra ọ̀bọ̀kún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Oníbàárà kan ná ẹja ìyá kan ní ìnákúnàá. Ìyá náà ò fọhùn. Ó fa ọpọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi àpò bò ó, ó kọjú sí odò. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo délé, mo tún un kọ: Inú ilé. Alẹ́. Àlàkẹ́ gbé ẹ̀bà sínú abọ́ méjì. Ó jẹ ọ̀kan, ó dé ìkejì. Àárọ̀. Ó ṣí i, ó dà á fún adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wá le jù fún mi. Gbogbo àwọn tó wà nínú eré náà ló ń pòwe, títí kan ọmọ ọdún mẹ́jọ, torí èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Ní báyìí, mo máa ń ní káwọn ọmọ ilé kà á sókè fún mi. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀, mo gé e dànù. (Ojú ìwé kan tó bí ìṣẹ́jú kan nínú sinimá, ẹ fi sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn.)

Bí ìtàn ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń gunlẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní kọ́ ìyẹn mọ́. Lálẹ́ òní, ẹ mú ojú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù nínú ìtàn yín, ẹ fa ìlà gba inú gbogbo "ó rò ó" àti "ó rántí", kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó kù ránṣẹ́ sí mi.