Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Iṣẹ́ Ọwọ́ Bébà fún Ẹwà Ilé

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Ògiri wa funfun báláú, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀, onílé kò sì gbà kí a kan ìṣó mọ́ ọn. N kò lówó tí n óò fi ra àwòrán, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà àtijọ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Kí ni mo lè fi wọ́n ṣe tí kò ní dà bí iṣẹ́ àwọn ọmọ jéléósinmi? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo àwọn kàlẹ́ńdà yẹn, nítorí pé bébà wọn nípọn, ó ń dán, ó sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí bébà náà gbà ṣeé ṣẹ́ po. Gbogbo bébà tí ẹ̀rọ ṣe ló ní apá ibi tí àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po ní ìbámu pẹ̀lú wọn, ojú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ yóò gún régé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ lódì sí wọn, yóò máa hán, àwọ̀ orí rẹ̀ yóò sì máa bó. Ẹ rọra tẹ bébà náà láìtẹ̀ ẹ́ pa, lẹ́ẹ̀kan ní gígùn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ìbú rẹ̀. Apá ibi tí ó bá ti rọ̀ yín lọ́wọ́ jù ni kí ẹ ti ṣẹ́ ẹ.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé Ìbàdàn ni ẹ wà, ohun tí ó wù mí kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni Ìbàdàndùn, ọnà tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn àwọn tí ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró, máa ń yà sára aṣọ. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ni wọ́n ń yà sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ṣíbí sí àárín òpó kan sí èkejì. Ẹ gé bébà tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó sì fẹ̀ ní 18. Ẹ ṣẹ́ ẹ po síwájú sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, títí tí yóò fi di ìpele mẹ́fà. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ìdajì òpó sí etí kan níbi tí ó ti ṣẹ́ po, kí ẹ ya ìdajì ṣíbí sí etí kejì, kí ọrùn ṣíbí náà wà lókè, kí ibi tí a fi ń bu oúnjẹ sì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ lókè láìgé, kí ẹ wá gé gbogbo ohun tí ó wà láàárín òpó àti ṣíbí kúrò láti ìsàlẹ̀ wá. Nígbà tí ẹ bá tú u, òpó àti ṣíbí yóò tò tẹ̀ léra, wọn yóò sì so mọ́ra lókè. Ẹ ṣe irú rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ṣẹ́ òkè wọn po sórí okùn gígùn kan, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì so okùn náà mọ́ irin kọ́tìnnì. Ẹ kò ní kan ìṣó kankan, oòrùn àárọ̀ yóò sì máa gba àárín àwọn òpó náà wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín yà á. Ọnà ìlú wọn ni.

Bí kàlẹ́ńdà bá ṣì kù, ẹ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ gé e ní onígun mẹ́ta gígùn, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó sì gùn ní 30. Láti ibi ìdí ni kí ẹ ti máa yí i mọ́ ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ibi tí ó kù bí sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ yí i parí, kí ẹ sì fa igi náà yọ. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi í ṣe kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, èmi kò sì gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀, nítorí pé okùn kan tí ó gùn ní mítà 2 yóò gba 100 ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹ bá tò wọ́n pọ̀ mọ́ra. Fèrèsé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ta kókó sábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kí ẹ tó ki òmíràn. Okùn tí ó gùn ní mítà kan kò ní gbà ju 14 lọ.

Ìbéèrè: Mo fi ìwé ìròyìn àti ẹ̀kọ láfún mọ abọ́ mẹ́ta ní oṣù kẹfà. Kò pẹ́ tí àmì dúdú fi bo inú wọn, aáyán sì ti ń jẹ etí wọn. Ṣé ẹ̀kọ náà ni kò dára ni? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ̀kọ náà kò ní ẹ̀bi, omi tí ó há sínú abọ́ náà ni ó jẹ́ kí ó bu. Bí ẹ bá lẹ ìpele mẹ́fà lójú kan náà, ojú òde yóò gbẹ, ẹ ó sì rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì tutù, àti pé nínú òjò oṣù kẹfà kò sí bí ọ̀rinrin náà ṣe lè jáde kíá. Ìpele méjì ni kí ẹ máa lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró títí tí yóò fi gbẹ wọnú kí ẹ tó lẹ òmíràn. Àkókò ọyẹ́ ló dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ kò bá lè dúró di ìgbà náà, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára igbá tí ẹ fi mọ ọ́n ní kété tí ó bá ti lè dá dúró, kí inú rẹ̀ náà lè rí atẹ́gùn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi lailọ́ọ̀nù bo igbá náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí abọ́ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fi ọwọ́ fa ìwé ìròyìn náà ya, ẹ má ṣe fi sísọ́ọ̀sì gé e. Etí tí a fi ọwọ́ ya máa ń ní fọ́nrán tí yóò wọ inú ara wọn, èyí tí a gé yóò sì fi ojú ààlà hàn. Ní ti ẹ̀kọ, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù po ife láfún kan kí ó má baà ṣe kókó, kí ẹ wá da omi gbígbóná bí ife mẹ́rin sí i, kí ẹ máa rò ó lórí iná títí tí yóò fi ki. Ẹ fi ṣíbí tíì kan álọ́ọ̀mù lílọ̀ sí i. Àwọn aládìrẹ ìlú yín náà máa ń fi álọ́ọ̀mù sí ẹ̀kọ láfún wọn. Èròjà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tún máa ń fi sí i jẹ́ májèlé, nítorí náà, ẹ má ṣe fi í sí ti inú ilé.

Nígbà tí abọ́ náà bá gbẹ tán pátápátá, ẹ fi ọ̀dà olóróró tàbí fáníìṣì kun ún nínú, lóde àti ní ìdí, nítorí pé aáyán àti ikán kì í fi ẹ̀kọ àti bébà tí a kò kùn sílẹ̀. Ẹ máa fi kó kọ́kọ́rọ́, òwú tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí, kì í ṣe oúnjẹ. Ní ti àwọn mẹ́ta tí ó ti bu, ẹ sọ èyí tí ó bá ti rọ̀ nù. Ẹ sá èyí tí ó bá ṣì le sóòrùn, kí ẹ fi aṣọ bo imú yín, kí ẹ nù ún ní ìta, kí ẹ tó kùn ún.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì ṣe ohun tí n óò fi bo gílóòbù pálọ̀ mi, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè tutù lójú? — Òǹkàwé kan, Èkó

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é bí ó bá jẹ́ gílóòbù LED ni ẹ ń lò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bébà náà jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 15 yíká, kí òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí ooru lè jáde. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní wáyà tín-ín-rín nínú máa ń gbóná débi pé ó lè jó bébà, nítorí náà ẹ má ṣe dán an wò rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbẹ́là: bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ má ṣe gbé àbẹ́là tàbí àtùpà eléépo sínú ohunkóhun tí a fi bébà ṣe, bó ti wù kí ó rẹwà tó. Ìpele inú àpò sìmẹ́ǹtì, tí ó fara kan sìmẹ́ǹtì, ni kí ẹ jù nù. Ẹ gbọn èyí tí ó kù ní ìta, kí ẹ bo imú yín, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kan ojú.