Jíìpù tó máa bá yín rin àríwá: èsì fún ẹ̀gbọ́n tó ń múra ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra o. Ó ṣeé ṣe kí n jù yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣì máa pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa pé ọgọ́ta ọdún tí ìjọba yóò sì ní kí ẹ máa relé, pé ẹ̀yin àti ìyá àwọn ọmọ fẹ́ fi jíìpù rin Jos, ọgbà ẹranko Yankari àti òkè Mambilla kí orúnkún tó kọ̀, àti pé owó tó wà nílẹ̀ tó ra jíìpù olówó ńlá kan tí kò tíì pẹ́ láyé, tàbí kí ẹ ra Toyota Prado àtijọ́ kan kí owó sì tún ṣẹ́ kù. Ẹ wá béèrè èwo ni yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bó bá jẹ́ èmi, Prado àtijọ́ yẹn ni mo máa rà, n kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni mo fi jẹun. Láti Minna dé Jalingo, kò sí irú ọ̀nà tí a kò gbé mọ́tò gbà, mo sì ti rí ibi tí oríṣiríṣi jíìpù ń kú sí. Nítorí ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ara mi kí n tó yọ owó: mẹkáníìkì tó wà ní Serti, ìlú kékeré lọ́nà Mambilla, ṣé ó lè tú mọ́tò yìí? Mo ní Serti o, n kò ní Àpò ní Àbújá. Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Àpò, kò sí mọ́tò tí wọn kò lè tú. Títò ó padà ló kù.

Èmi àti ìyàwó mi ń lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ní Farin Ruwa. A ti kọjá Wamba nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo páàkì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé rọ́bà tó ń gbé omi wọ rẹdiétọ̀ ti là níbi tí kílíìpù ti dì í mú. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò wò ó, ó ní kí n ní sùúrù. Ó gun ọ̀kadà lọ, ó mú rọ́bà Hilux kan tí wọ́n ti lò rí bọ̀. Ó gùn jù. Ó fi ayùn irin gé orí rẹ̀, ó fi ọṣẹ pa inú rẹ̀ kó lè yọ̀ wọlé, ó fi kílíìpù méjì dè é, ó bu omi sí i, ó ní kí n tẹ iná kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Rọ́bà yẹn la gbé dé ilé ní Kubwa, ó sì pẹ́ kí n tó pa á dà.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irú jíìpù olówó ńlá tí ẹ ń wò yẹn lọ sí Mambilla. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ní Mayo Selbe, ní ẹsẹ̀ òkè níbi tí kọ́nà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi gbé ara mọ́tò náà dúró dípò sípíríǹgì, afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì ti jò tán. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, AC ń fẹ́, ṣùgbọ́n ara mọ́tò ti jókòó lé táyà. Kò rí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá a sọ̀rọ̀ títí dé Jalingo. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e bọ̀ wá sí Àbújá. Owó tó san fún un, kí n má sọ ọ́ síbí, nítorí ìyàwó rẹ̀ lè kà á.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé tó bá jẹ́ ti pípẹ́ ni, kí ẹ ra Land Cruiser 70, èyí tí a mọ pikọ́ọ̀pù rẹ̀ sí Buffalo níbí. Wọn kò parọ́. Ọdún 1984 ló jáde, Toyota sì ń ṣe é di òní. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 1HZ, lítà 4.2, sílíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún un. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò mọ́ tó tó máa ba àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́, òun a máa fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti Akwanga dé Jos rí? Ìdí yín á sọ̀rọ̀. Ó tún máa ń fa ojú. Mọ́tò tí ọlọ́pàá àti sójà ń gbé kiri ni, àwọn ẹni ibi náà sì fẹ́ràn rẹ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn Hilux. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò nílò ojú púpọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dúró lórí Prado 120, èyí tó jáde láàárín 2002 sí 2009, pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀: 4Runner 2003 sí 2009 àti Lexus GX 470. Egungun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì V6, ìyẹn onísílíńdà mẹ́fà, lítà 4.0 ni kí ẹ wá. Ṣéènì ló ń yí inú rẹ̀, ẹ kò ní máa ronú bélíìtì inú ẹ́ńjìnnì tí a gbọ́dọ̀ máa pa dà. V8 lítà 4.7 tó wà nínú GX àti àwọn 4Runner kan dára púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu epo, bélíìtì ló sì ń lò, Toyota sì ní kí wọ́n máa pa á dà ní 90,000 máìlì, ìyẹn bíi 145,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti rìn kọjá bẹ́ẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Tin Can ní Èkó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pa bélíìtì dà, ẹ gbà pé wọn kò pa á dà, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. GX náà ní afẹ́fẹ́ lẹ́yìn dípò sípíríǹgì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ti yọ ọ́, wọ́n ti fi sípíríǹgì sí i. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú sí wọn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta mọ́tò kì í sọ. Kì í ṣe gbogbo 4Runner ló ní fọ́ọ̀-wíìlì, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń wá láti Amẹ́ríkà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Ẹ má gbọ́ tẹnu wọn, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọ̀pá irin tó ti gíà lọ síwájú, tí ẹ kò sì rí dífù, àpótí irin tó ń pín agbára fún táyà, láàárín táyà iwájú méjèèjì, mọ́tò ìgbéyàwó lẹ ń wò. Highlander ńkọ́? Káà tó ga ni, ó wúlò fún Ìbàdàn.

Bí ẹ ṣe ti wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré kan irin gbọọrọ méjèèjì tó gbé ara mọ́tò, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní àwọn ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ irin láti inú. Irin tó yè máa ń dún gbangan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ máa ń dún pọ̀ọ̀, nígbà mìíràn òòlù á wọlé. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ mọ́tò àtijọ́, mo máa ń fura sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé mọ́tò lọ sórí iyanrìn, ẹ dúró, ẹ fi gíà sí N, ẹ yí fọ́ọ̀-wíìlì sí L, ìyẹn gíà alágbára tó ń rọra rìn. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn kó sì dúró. Bó bá ń ṣẹ́jú láìdákẹ́, kò wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ti gan torí pé kò sẹ́ni tó lò ó rí láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Ẹ kò ní fẹ́ wá a nígbà tí wọ́n bá dá yín dúró lọ́nà Bauchi.

Ẹ mú ìyá àwọn ọmọ dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ wò ó. Kí wọ́n wọ ìró lọ o, kí wọ́n má wọ ṣòkòtò. Kí wọ́n gùn ún kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún gùn ún. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ẹ ṣètò àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì sá fún àwọn tí wọ́n ti gbé ga sí i nítorí fàájì. Bí a ṣe ń sunkún náà là ń ríran: mọ́tò tí ìyàwó ẹni kò lè gùn, ẹni nìkan ni yóò máa fi rìn.

Táyà wọn sábà máa ń jẹ́ 265/65R17, kò ṣòro rí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, òun ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. N kì í ra táyà tòkunbọ̀ lọ Mambilla, kódà bí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yọ fíltà afẹ́fẹ́ gbọ̀n lóòrèkóòrè, kí ẹ sì ní òmíràn nínú búùtù. Eruku Bauchi kò mọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ má ná ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó yín sórí mọ́tò. Èyí tó kù ni ti bélíìtì, ṣọ́ọ̀kì, bíréèkì, rọ́bà gbogbo àti rẹdiétọ̀, kí ẹ tún un ṣe tán kí ẹ tó jáde ní Àbújá. Ọ̀sán nìkan ni kí ẹ máa rìn. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ìlú tí ẹ ń lọ, torí wọ́n mọ ọ̀nà tó dára lọ́sẹ̀ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà sílé. Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn tí n kò gbà mọ́ báyìí.

Ẹ má fi Mambilla bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí Gurara, ní ọ̀nà Suleja sí Minna, ẹ di ẹrù sí i bíi pé Yankari lẹ ń lọ. Ohunkóhun tó bá fẹ́ jò, ibẹ̀ ni kó ti jò, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé yín bọ̀ má baà gbówó lérí.