Bí ẹ ṣe yọ́ yìnyín òkun yẹn ló pa bakitéríà inú rẹ̀

Àbúrò, o ní wọ́n fi ọ̀pá yìnyín òkun ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí yín láti Alaska, ẹ gbé e sínú ike lórí tábìlì títí ó fi yọ́, ẹ fi omi rẹ̀ sórí àwo agar (oúnjẹ dídì tí a fi ń mú bakitéríà hù) nínú ooru 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí ohunkóhun tó hù. O wá ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni nǹkan ẹlẹ́mìí ń gbé inú yìnyín. Wọ́n ń gbé ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹ ṣe yọ́ ọ ló ṣeé ṣe kó pa èyí tó pọ̀ nínú wọn, ooru yẹn ò sì lè dá ìyókù sí.

Mo ti bá wọn lu yìnyín ní Utqiaġvik, ní ṣóńṣó àríwá Alaska, nígbà òtútù àti nígbà tí oòrùn padà dé, ọmọ Iñupiat kan, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, á máa fi ìbọn ṣọ́ wa nítorí béárì funfun. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mò ń sọ fún ọ.

Omi iyọ̀ tó há sáàárín yìnyín ni bakitéríà wọ̀nyí ń gbé. Omi òkun kì í dì àfi tó bá tutù dé nǹkan bíi −1.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó sì ṣe ń dì ló ń lé iyọ̀ jáde. Díẹ̀ nínú iyọ̀ yẹn á há sínú àwọn ihò tín-ín-rín. Bí òtútù bá ṣe ń le ni omi inú ihò náà á máa níyọ̀ sí i. Tó bá fi dé −10, iyọ̀ rẹ̀ ti tó ìlọ́po mẹ́rin ti omi òkun. Bakitéríà tó bá ń gbé ibẹ̀ ti kó ohun tó fi ń dojú kọ iyọ̀ yẹn sára. Ṣùgbọ́n ògidì yìnyín fúnra rẹ̀, omi aláìníyọ̀ ni. Tí ẹ bá yọ́ ọ lásán, omi yẹn á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì bakitéríà, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́. A máa ń pín ọ̀pá kan náà sí méjì, ká yọ́ apá kan sínú omi iyọ̀, ká yọ́ èkejì lásán. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, apá tí a yọ́ lásán ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń kéré níye.

Nítorí náà, wá omi òkun, fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.2 máíkírómítà sẹ́ ẹ kí bakitéríà inú rẹ̀ lè kúrò, fi iyọ̀ kún un, jẹ́ kó tutù, kó o tó fọ́ yìnyín náà sínú rẹ̀. Inú yàrá tútù ni kó ti yọ́, kó o máa rọra rò ó.

Tó bá jẹ́ yìnyín ìgbà ìrúwé ni, wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Ó máa ń pọ́n bíi tíì nítorí àwọn diatom (ewé omi kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan) tó kún ibẹ̀, tó o bá fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ bí ewédú. Ohun tó ń yọ̀ yẹn, àwọn diatom àti bakitéríà ló ń ṣe é, ó sì ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ òtútù àti iyọ̀. Má fọ̀ ọ́ dànù o! Bakitéríà pọ̀ lára rẹ̀.

Ní ti agar, má da agar gbígbóná lé bakitéríà náà lórí. Dà á sínú àwo, jẹ́ kó tutù, kó o tó fi omi náà pa á lójú. Píípẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń fa omi gan-an gbọ́dọ̀ ti tutù. Gbé àwo sí 4 tàbí kó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó o sì ní sùúrù. Bakitéríà kan, Psychromonas ingrahamii, tí wọ́n rí nínú yìnyín òkun ní Point Barrow níbẹ̀ yẹn, ń dàgbà ní −12, ṣùgbọ́n wákàtí 240 ló fi ń pín sí méjì. Ẹni tó bá da àwo rẹ̀ nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ò tíì fún un láyè.

Àwo nìkan kọ́ ló lè dáhùn ìbéèrè rẹ o. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Karen Junge, Hajo Eicken àti Jody Deming fi hàn ní 2004 pé àwọn bakitéríà kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yìnyín òkun Alaska ní −20, pàápàá àwọn tó lẹ̀ mọ́ nǹkan. Fi DAPI, aró tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tàn lábẹ́ máíkíróskóòpù, kun tìrẹ, kó o ka iye wọn kó o tó sọ pé òfìfo ni.

Tí ọ̀pá yẹn bá kù nínú fìrísà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ ọ. Béèrè ìwọ̀n òtútù tí yìnyín náà wà nígbà tí wọ́n fà á jáde àti èyí tí wọ́n fi gbé e wá, kó o sọ fún mi, ká jọ ṣírò iye iyọ̀ tó o máa pò.